Ọmọ Iṣẹ́ Tí Kò Tíì Gba Òmìnira

Àwọn àgbà ní ẹni tí a bá ń bá ná ọjà là ń wò, a kì í wo ariwo ọjà. Kì í ṣe ìyá aláta àti ìyá ẹlẹ́ja nìkan ni òwe yìí wà fún. Ó wà fún ẹni tí ó ń ra ilẹ̀, ó wà fún ẹni tí ó ń ra ilé, ó sì wà fún ẹni tí ó fẹ́ ra ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lákòókò yìí, tí ariwo ọjà ọkọ̀ ti pọ̀ débi pé etí fẹ́rẹ̀ẹ́ di. Èyí tí ó ga jù nínú ariwo náà ni pé ọkọ̀ tí ń wa ara rẹ̀ ti dé, àti pé kí ẹni tí ó bá gbọ́n tètè san owó rẹ̀ sílẹ̀ kí ó tó wọ́n.

Ọ̀rọ̀ yìí lè dà bí ọ̀rọ̀ ará òkè òkun létí àgbà tí ó jókòó sí iwájú ilé rẹ̀ ní Festac Town. Ṣùgbọ́n kò jìnnà sí i rárá. Ìlú tí ìjọba kọ́ fún àwọn àlejò tí ó wá sí àjọ̀dún àṣà àti iṣẹ́ ọnà àwọn aláwọ̀ dúdú, èyí tí ó wáyé láti ọjọ́ 15 oṣù Kìíní títí di ọjọ́ 12 oṣù Kejì ọdún 1977, ti di ìlú àwọn òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì, àwọn olùkọ́ àti àwọn oníṣòwò, tí púpọ̀ nínú wọn ní ọmọ ní Houston, ní London àti ní Toronto. Ìlú náà kò jìnnà sí èbúté Apapa àti ti Tin Can, níbi tí ọkọ̀ tọ́kúnbọ̀ ń gbà wọ orílẹ̀-èdè yìí. Ọjà ńlá àwọn tí ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ sì wà ní Trade Fair, lẹ́bàá ọ̀nà Badagry, tí ẹni tí ó bá kúrò ní Festac kò ní rìn jìnnà kí ó tó dé ibẹ̀. Ẹni tí ó bá sọ pé ọ̀rọ̀ ọkọ̀ kò kan ará Amuwo-Odofin kò mọ Amuwo-Odofin.

Kí á mú un pé baba kan ní Festac ní ọmọ kan ní Houston. Ọmọ náà fẹ́ ra ọkọ̀. Ó ní lọ́kàn láti lò ó fún ọdún díẹ̀, kí ó sì fi í ránṣẹ́ sí baba rẹ̀ lẹ́yìn náà. Ó pe baba náà lórí fóònù, ó ní, “Bàbá mi, wọ́n ní kí n fi owó ńlá kún owó ọkọ̀ yìí, nítorí pé yóò máa wa ara rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú. Kí ni ẹ rí sí i?” Kí á tún mú un pé aládùúgbò baba náà lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ta tọ́kúnbọ̀, tí òǹtajà sì sọ fún un pé owó ọkọ̀ kan ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ nítorí pé ó lè wa ara rẹ̀. Ibi tí àwọn méjèèjì dúró sí jìnnà sí ara wọn, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan náà ni ó wà níwájú wọn: ǹjẹ́ ó tọ́ kí ènìyàn san gbogbo owó iṣẹ́ tí kò tíì parí? Àṣà Yorùbá ní ìdáhùn sí ìbéèrè yìí ju bí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ti rò lọ.

Àwìn àti àsansílẹ̀

Oríṣi ìgbẹ́kẹ̀lé méjì ni ó wà nínú ọjà Yorùbá. Èkíní ni àwìn. Olọ́jà gbé ọjà rẹ̀ fún oníbàárà, ó sì gbẹ́kẹ̀ lé e pé yóò san owó nígbà tí ọjọ́ bá pé. Èkejì ni àsansílẹ̀. Oníbàárà kó owó rẹ̀ fún olọ́jà tàbí fún oníṣẹ́ ọwọ́, ó sì gbẹ́kẹ̀ lé e pé ọjà yóò dé. Nínú àwìn, olọ́jà ni ó wà nínú ewu. Nínú àsansílẹ̀, oníbàárà ni.

Àwọn baba ńlá Yorùbá kò fi àwìn sílẹ̀ láìṣọ́. Wọ́n ṣe ọgbà yí i ká. Onídùúró wà, tí yóò san gbèsè bí onígbèsè bá sá lọ. Ìwọ̀fà wà, tí ẹni tí ó yá owó fi iṣẹ́ ara rẹ̀ tàbí ti ọmọ rẹ̀ dí èlé owó náà. Ológò wà, ẹni tí Samuel Johnson sọ̀rọ̀ rẹ̀ nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1921: yóò wọ ilé onígbèsè, yóò jókòó tì í, yóò máa pariwo, yóò sì máa pàṣẹ oúnjẹ nínú ilé náà títí owó yóò fi jáde. Àwọn oníṣòwò aṣọ láti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà náà wà, àwọn tí wọ́n ń pè ní Òṣómàáló, nítorí pé bí ọjọ́ owó bá pé, wọn a lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè, wọn kì í sì í dìde àfi bí owó wọn bá pé lọ́wọ́.

Kí ni ó wá ń ṣọ́ àsansílẹ̀? Ohun tí ó ń ṣọ́ ọ ni pé oníbàárà àti oníṣẹ́ ọwọ́ mọ ara wọn, àti pé oníbàárà kì í tú gbogbo owó sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tí ó fẹ́ rán aṣọ a ra aṣọ náà fúnra rẹ̀, a gbé e fún télọ̀, a san díẹ̀ nínú owó iṣẹ́, a sì mú ìyókù dání títí yóò fi wọ aṣọ náà wò. Ẹni tí ó fẹ́ kí káfíńtà kan àga fún òun a ra pákó, a ra ìṣó, a sì fi èyí tí ó pọ̀ jù nínú owó iṣẹ́ pamọ́ di ọjọ́ tí yóò jókòó lórí àga náà. Ẹni tí ó gbé iṣẹ́ fún ahunṣọ ní Ìsẹ́yìn mọ ilé ahunṣọ náà, ó sì lè yà síbẹ̀ láti wò ó bóyá òwú òun ti wà lórí òfì. Nígbà tí kòkó gbòde, àgbẹ̀ a máa gba owó sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tí ń ra kòkó kí èso tó pọ́n. Ṣùgbọ́n igi kòkó wà ní ìdúró, ẹni tí ó san owó lè fi ojú ara rẹ̀ rí i, ó sì mọ oṣù tí wọn yóò ká èso rẹ̀.

Èsúsú pàápàá, àsansílẹ̀ ni. Ẹni tí yóò kó o kẹ́yìn ti ń dá owó fún àwọn tí ó kó o ṣáájú kí ó tó kan òun. Ohun tí ó fi í lọ́kàn balẹ̀ ni pé ó mọ gbogbo ẹni tí ó wà nínú ẹgbẹ́ náà, ó sì mọ ọjọ́ tí yóò kan òun. Èsúsú tí kò ní ọjọ́ ìkó kì í ṣe èsúsú mọ́; owó ẹni tí ó bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn ni.

Nítorí náà, àṣà kò kọ àsansílẹ̀. Ohun tí ó ń béèrè ni ọjọ́ tí iṣẹ́ yóò parí, àti ojú ẹni tí yóò dáhùn bí ọjọ́ náà bá yẹ̀.

Èsúsú tí kò ní ọjọ́ ìkó

Nínú oṣù Kẹwàá ọdún 2016, ilé iṣẹ́ Tesla ní Amẹ́ríkà kéde pé gbogbo ọkọ̀ tí òun bá ṣe láti ìgbà náà lọ ti ní ohun èlò tí yóò fi lè máa wa ara rẹ̀ pátápátá. Ètò kọ̀ǹpútà tí yóò máa darí àwọn ohun èlò náà ni kò tíì parí. Wọ́n ní kí oníbàárà san dọ́là 5,000 fún ìrànlọ́wọ́ ìwakọ̀, kí ó sì fi dọ́là 3,000 lé e fún èyí tí ọkọ̀ yóò fi máa dá wa ara rẹ̀. Orúkọ tí wọ́n sọ ọjà náà ni Full Self-Driving, ìyẹn ni pé ọkọ̀ yóò wa ara rẹ̀ láìkù síbì kan.

Àwọn ènìyàn san owó náà. Nínú oṣù Kẹrin ọdún 2019, Elon Musk, olórí ilé iṣẹ́ náà, sọ pé nígbà tí yóò bá fi di ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ọkọ̀ tí ó lé ní mílíọ̀nù kan yóò wà lójú ọ̀nà tí yóò lè ṣe iṣẹ́ takisí láìsí awakọ̀. Ọdún 2020 dé, ó sì kọjá. Nínú oṣù Kẹwàá ọdún náà, ìwọ̀nba oníbàárà díẹ̀ ni wọ́n fún ní ètò tí ó lè wakọ̀ láàárín ìlú, gẹ́gẹ́ bí ohun tí wọ́n ṣì ń dán wò. Owó ọjà náà kò dúró de iṣẹ́. Ó di dọ́là 10,000 ní ọdún 2020, ó di 12,000 nínú oṣù Kìíní ọdún 2022, ó sì di 15,000 nínú oṣù Kẹsàn-án ọdún kan náà. Nínú oṣù Kejì ọdún 2023, ilé iṣẹ́ náà ní láti ṣe àtúnṣe sí ètò náà nínú ọkọ̀ tí ó lé ní 362,000, lẹ́yìn tí àjọ tí ń rí sí ààbò ojú pópó ní Amẹ́ríkà sọ pé ó lè hùwà tí ó léwu ní oríta.

Lẹ́yìn èyí ni owó náà bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Ó padà sí dọ́là 12,000 nínú oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, ó sì já sí 8,000 nínú oṣù Kẹrin ọdún 2024. Ní ọdún 2024 yìí kan náà ni wọ́n fi ọ̀rọ̀ kan kún orúkọ ọjà náà, tí ó túmọ̀ sí pé awakọ̀ gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ ọ. Nínú oṣù Kìíní ọdún 2025, Musk gbà pé kọ̀ǹpútà tí ó wà nínú àwọn ọkọ̀ kan tí wọ́n ti tà kò lágbára tó, àti pé wọn yóò ní láti pààrọ̀ rẹ̀ fún àwọn tí ó ti san owó ètò náà. Nígbà tí takisí ilé iṣẹ́ náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ìlú Austin nínú oṣù Kẹfà ọdún 2025, òṣìṣẹ́ kan ṣì jókòó sínú ọkọ̀ láti máa ṣọ́ ọ. Nínú oṣù Kìíní ọdún 2026 ni Musk wá kéde pé láti ọjọ́ 14 oṣù Kejì, àwọn kò ní gba owó ètò náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo mọ́. Owó oṣooṣù ni oníbàárà yóò máa san.

Láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́kọ́ gba owó títí di ìgbà tí wọ́n kéde pé àwọn yóò pa àtẹ àsansílẹ̀ dé, ọdún mẹ́sàn-án àti oṣù mẹ́ta ni. Ọmọ tí wọ́n bí nígbà náà ti ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ tí wọ́n rà nígbà náà ti di ohun tí ènìyàn lè bá pàdé ní ibi tí wọ́n ti ń ta tọ́kúnbọ̀.

Òótọ́ kì í ṣe ti ẹnì kan ṣoṣo. Ẹni tí ó san dọ́là 3,000 ní ọdún 2016 lè sọ pé òun gbọ́n ju ẹni tí ó san 15,000 lọ. Ètò náà pẹ̀lú ti dára sí i gidigidi, ó sì lè gbé ènìyàn kọjá ní ọ̀pọ̀ ìgboro Amẹ́ríkà láìjẹ́ pé awakọ̀ fi ọwọ́ kan ìtọ́kọ̀. Kò sí àgbà tí yóò sọ pé iṣẹ́ náà kì í ṣe iṣẹ́ ọpọlọ. Ṣùgbọ́n ìyìn ọ̀tọ̀, owó ọ̀tọ̀. Ìlérí tí ó ní ọdún ṣùgbọ́n tí ọdún náà ń yẹ̀ ní gbogbo ìgbà, ìlérí tí kò ní ọjọ́ ni.

Ta ni ọ̀gá, ta ni ọmọ iṣẹ́?

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ọmọ tí ó bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ ìwakọ̀ tàbí iṣẹ́ mẹkáníìkì a lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá. Òbí rẹ̀ ni yóò bá ọ̀gá ṣe àdéhùn, tí yóò sì san owó ẹ̀kọ́. Ọmọ náà yóò fọ ọkọ̀, yóò gbé irinṣẹ́, yóò jókòó ti ọ̀gá, yóò sì wá di ìtọ́kọ̀ mú lójú ọ̀gá. Àṣìṣe tí ó bá ṣe ní gbogbo àkókò náà, ọ̀gá ni wọn yóò pè. Ọjọ́ tí ó bá gba òmìnira, tí wọ́n ṣe àdúrà fún un lójú ẹbí àti ẹgbẹ́, ni ó tó lè dá dúró, ni ó sì tó lè pe owó tí ọ̀gá ń pè.

Bí a bá fi òṣùwọ̀n yìí wọn ọkọ̀ tí ń wa ara rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà yóò yé tọmọdé tàgbà. Ètò tí awakọ̀ gbọ́dọ̀ máa ṣọ́, tí ó sì gbọ́dọ̀ múra láti gba ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ nígbàkígbà, ọmọ iṣẹ́ ni. Ó lè já fáfá, ó lè mọ́ṣẹ́ ju ọ̀pọ̀ ọmọ iṣẹ́ lọ, ṣùgbọ́n kò tíì gba òmìnira. Ohun tí ó yani lẹ́nu ni pé oníbàárà wà lára àwọn tí ń kọ́ ọ. Àwòrán tí kámẹ́rà ọkọ̀ àwọn oníbàárà ń yà lójú ọ̀nà wà lára ohun tí ilé iṣẹ́ náà fi ń kọ́ kọ̀ǹpútà rẹ̀. Oníbàárà wá di ọ̀gá tí ó ń kọ́ ọmọ iṣẹ́, òun náà ni òbí tí ó ń san owó ẹ̀kọ́, òun náà sì ni ẹni tí wọn yóò pè bí ọmọ iṣẹ́ bá gbá ènìyàn. Mẹkáníìkì wo ni yóò gba irú àdéhùn bẹ́ẹ̀?

Ọ̀rọ̀ ẹni tí wọn yóò pè yìí kì í ṣe àwàdà. Nínú oṣù Kẹjọ ọdún 2025, kóòtù kan ní Miami parí ẹjọ́ ìjàǹbá tí ó ṣẹlẹ̀ ní Florida ní ọdún 2019. Awakọ̀ kan gbẹ́kẹ̀ lé Autopilot, ètò ìrànlọ́wọ́ ìwakọ̀ Tesla tí kò tó èyí tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Fóònù rẹ̀ jábọ́, ó tẹ̀ mọ́lẹ̀ láti wá a, ọkọ̀ náà sì gba ẹ̀mí ọ̀dọ́bìnrin kan. Ìgbìmọ̀ ará ìlú tí ó gbọ́ ẹjọ́ náà pín ẹ̀bi sí mẹ́ta: ìdá kan fún ilé iṣẹ́, ìdá méjì fún awakọ̀. Wọ́n ní kí ilé iṣẹ́ náà san nǹkan bíi dọ́là mílíọ̀nù 243, ilé iṣẹ́ náà sì sọ pé òun yóò pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Bí ẹjọ́ náà bá yí síhìn-ín tàbí sọ́hùn-ún, kò sí owó tí yóò jí òkú, bẹ́ẹ̀ ni awakọ̀ kò ní lè sọ pé ọkọ̀ ni ó wà á.

Àwọn awakọ̀ àtijọ́ tí wọ́n ń bọ Ògún mọ èyí. Irin kì í mọ olówó rẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ fi ń fi irin búra ní kóòtù: ẹni tí ó fi ọwọ́ kan irin ti gbà pé òun ni Ògún yóò bi léèrè. Ẹni tí ó sanwó kí ọwọ́ rẹ̀ lè kúrò lára irin, tí wọ́n sì sọ fún un pé òun náà ni yóò ṣì dáhùn, kò tíì rí ohun tí ó sanwó fún rà.

Ọ̀nà Festac kì í ṣe ọ̀nà Texas

Bí ọmọ iṣẹ́ náà bá tilẹ̀ gba òmìnira ní Texas, ọ̀nà ibẹ̀ ni ó mọ̀. Wọ́n ti gbé ètò náà dé Amẹ́ríkà, Kánádà, Mẹ́síkò, Ṣáínà, Ọsirélíà àti àwọn ilẹ̀ mìíràn, ṣùgbọ́n wọn kò tíì gbé e dé Nàìjíríà. Ẹni tí ó san owó rẹ̀ ní Houston tí ó sì fi ọkọ̀ ránṣẹ́ sí Festac fi àtùpà ránṣẹ́ láìsí epo.

Iṣẹ́ fífẹ ọ̀nà Badagry, tí ó kọjá ní ẹnu Festac, bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2009, ọ̀pọ̀ ọdún sì ni àwọn ará àdúgbò náà fi rìn láàárín iyanrìn àti òkúta. Ní Mile 2, tírélà tí ó ń lọ sí èbúté, dáńfó, kẹ̀kẹ́ Márúwá, ọ̀kadà àti ẹni tí ó ń fi ẹsẹ̀ rìn ni ó jọ ń pín ojú títì. Awakọ̀ Èkó kì í fi ojú nìkan wakọ̀. Ó ń fi etí wà á, ó ń fi ọwọ́ wà á, ó sì ń fi ẹ̀bẹ̀ wà á. Bí dáńfó bá fẹ́ yà, ọwọ́ kọ̀ńdọ́kítọ̀ ni ó máa kọ́kọ́ sọ ọ́. Bí ìyá arúgbó bá fẹ́ sọdá, a gbé ọwọ́ sókè, awakọ̀ tí wọ́n kọ́ ní ilé a sì dúró dè é. Nígbà òjò, omi a bo kòtò mọ́lẹ̀ ní àwọn òpópó kan, ará àdúgbò nìkan ni ó sì mọ ibi tí kòtò wà. Àṣà ni ìwakọ̀ Èkó, ó ní èdè tirẹ̀. Kámẹ́rà lè rí ọwọ́ kọ̀ńdọ́kítọ̀ náà. Ohun tí ọwọ́ náà ń sọ ni yóò kọ́kọ́ kọ́.

Ní ilẹ̀ tí ọ̀nà ti tẹ́jú pàápàá, àwọn tí ó ṣe é pẹ̀lú ìṣọ́ra fi ààlà sí i. Nínú oṣù Kejìlá ọdún 2021, àwọn aláṣẹ Jámánì fọwọ́ sí ètò ilé iṣẹ́ Mercedes-Benz tí ó jẹ́ kí awakọ̀ gbé ojú kúrò lójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n orí ọ̀nà márosẹ̀ nìkan ni, nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, kí eré má sì ju kìlómítà 60 ní wákàtí kan lọ. Waymo, tí ọkọ̀ rẹ̀ ti ń gbé èrò ní Phoenix láìsí awakọ̀ láti oṣù Kẹwàá ọdún 2020, kò ní kí èrò san owó ọdún mẹ́wàá sílẹ̀. Ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ ni yóò san owó ìrìn àjò rẹ̀, bí ẹni tí ó wọ dáńfó.

Ará Amuwo-Odofin ní àpẹẹrẹ tirẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ní ọdún 2010 ni iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin Blue Line bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023 ni ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò láti Marina dé Mile 2, ìrìn kìlómítà 13. Bí ẹnì kan bá ti ta tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ní ọdún 2010, ọ̀pọ̀ ẹni tí ó rà á ni ìbá ti kó kúrò ní àdúgbò, àwọn mìíràn ìbá sì ti kúrò láyé. Lónìí, èrò a máa san owó sínú káàdì Cowry kí ó tó wọ ọkọ̀, àsansílẹ̀ ni ìyẹn náà, tí orúkọ rẹ̀ tilẹ̀ jẹ́ ti owó ẹyọ àwọn baba ńlá. Ṣùgbọ́n owó kékeré ni, ọkọ̀ ojú irin náà sì ti wà lórí irin kí owó tó wọ káàdì.

Ohun tí ó lè pòórá ní òru

Ẹni tí ó ń ra tọ́kúnbọ̀ tún ní ewu kan sí i. Ẹ́ńjìnì ọkọ̀ wà nínú ọkọ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ yọ ọ́ ní láti gbé irinṣẹ́ wá. Ètò kọ̀ǹpútà kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2020, wọ́n gbé e nínú ìròyìn ní Amẹ́ríkà pé ẹnì kan ra Tesla àlòkù lọ́wọ́ oníṣòwò ọkọ̀, pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé ètò ìwakọ̀ àdáṣe wà nínú rẹ̀. Ilé iṣẹ́ náà ti yọ ètò náà kúrò láti òkèèrè, nítorí pé nínú ìwé tirẹ̀ ẹni náà kò san owó rẹ̀. Lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ náà di ariwo ni wọ́n dá a padà fún un. Bí èyí bá lè ṣẹlẹ̀ ní ìlú tí ilé iṣẹ́ náà wà, kí ni ẹni tí ó ra ọkọ̀ rẹ̀ ní Amuwo-Odofin yóò ṣe? Ẹnu ọ̀nà ta ni yóò lóṣòó sí? Òṣómàáló kò ní ibi tí yóò lóṣòó sí bí ẹni tí ó jẹ ẹ́ kò bá ní ilé ní ìlú náà.

Ìṣirò owó pàápàá kò gbe àsansílẹ̀. Ní ọdún 2024, tí wọ́n ń ta ètò náà ní dọ́là 8,000, dọ́là 99 ni ẹni tí ó ń san án lóṣooṣù ń san. Ó gba ọgọ́rin oṣù, ìyẹn ọdún mẹ́fà àti oṣù mẹ́jọ, kí owó oṣooṣù tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó ẹni tí ó san án lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tí ó ń san án lóṣooṣù lè dá a dúró lọ́jọ́ tí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ẹni tí ó san án lẹ́ẹ̀kan ti di olùgbọ́ ìlérí.

Ìmọ̀ràn

Nítorí náà, baba tí ó wà ní Festac lè dá ọmọ rẹ̀ lóhùn láìfòyà. Bí ètò náà bá wúlò fún ọmọ náà ní Houston lónìí, kí ó san owó oṣù tí ó bá fi lò ó, kí ó sì dá a dúró bí ọkọ̀ bá fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú omi. Kí ó má ṣe kó owó tí ìbá fi tún òrùlé baba rẹ̀ ṣe sórí iṣẹ́ tí kò ní ọjọ́. Aládùúgbò rẹ̀ ní ibi tọ́kúnbọ̀ lè san owó ẹ́ńjìnì, owó bátìrì, owó bíréèkì àti owó ara ọkọ̀. Ohun tí kò bá ṣiṣẹ́ lójú rẹ̀ láàárín First Avenue sí Mile 2, kí ó má ṣe san kọ́bọ̀ lé e. Ẹ̀rọ tí ń tẹ bíréèkì fúnra rẹ̀ nígbà tí ewu bá dé, tí iṣẹ́ rẹ̀ sì ti parí, yàtọ̀. Ẹni tí ó bá fi owó díẹ̀ kún owó ọkọ̀ nítorí rẹ̀ ra ohun tí ó wà lórí àtẹ.

Kì í ṣe ẹ̀gàn ni èyí jẹ́ sí ẹ̀rọ titun. Bí iṣẹ́ yìí bá parí, àwọn tí yóò jẹ àǹfààní rẹ̀ jù ni àgbà tí ojú rẹ̀ ti ń ṣú, àti ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lè tẹ bíréèkì. Títí ọjọ́ náà yóò fi dé, kí àgbà tí ojú rẹ̀ ń ṣú gba awakọ̀ tí ó ti gba òmìnira. Ó ní ojú, ó ní etí, ó gbọ́ èdè ọwọ́ kọ̀ńdọ́kítọ̀, wọ́n sì mọ ilé baba rẹ̀. Opin oṣù ni ó sì ń gba owó, lẹ́yìn tí ó ti ṣiṣẹ́.

Ẹ̀kọ́ kan wà níbí fún àwọn olùkọ́ pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ mọ ohun tí Òṣómàáló ń ṣe, wọn a sì rẹ́rìn-ín bí wọ́n bá gbọ́ ọ. Ó yẹ kí wọ́n béèrè síwájú sí i: ní ayé ìsinsìnyí, ta ni olówó, ta sì ni ajigbèsè? Ẹni tí ó ti san owó iṣẹ́ tí kò tíì rí gbà kì í ṣe oníbàárà lásán. Olówó ni, ó yá ilé iṣẹ́ ńlá lówó láìgba èlé, láìní onídùúró, láìdá ọjọ́. Bí ó bá mọ̀ pé ohun tí òun ń ṣe nìyẹn, tí owó náà kò sì ní pa á lára, kò sí ẹni tí yóò dá a lẹ́bi. Ẹni tí kò mọ̀ ni ó yẹ kí á la ojú rẹ̀.

Ọjọ́ tí ọmọ iṣẹ́ náà bá gba òmìnira nítòótọ́, tí ó wakọ̀ kọjá ní Mile 2 nígbà òjò láìsí ẹni tí ó ń ṣọ́ ọ, tí ẹni tí ó kọ́ ọ sì jáde síta pé, “Bí ó bá ṣe àṣìṣe, èmi ni kí ẹ pè,” ará Festac yóò bá wọn jó, yóò sì san owó ọ̀gá fún un tayọ̀tayọ̀. Kí ọjọ́ náà tó dé, owó ọmọ iṣẹ́ ni ó tọ́ sí i.